Iná Lára Drone Kékeré: Ojú Ta Ló Wà Fún?

Ìbéèrè láti Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni mò ń yà ní Kétu nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra drone Mini 2 àlòkù kan, ẹbí kan sì ti gbéṣẹ́ fún mi pé kí n wá fi í ya alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ wọn, ìyẹn orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, láti òkè. Gílóòbù méjì mẹ́ta péré ló máa ń wà níbẹ̀, òkùnkùn ló gba ìyókù. Mo wá rí àwọn iná pẹ́pẹ̀pẹ́ kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ drone. Tí mo bá so mẹ́rin mọ́ ọn, ṣé ìmọ́lẹ̀ wọn á tó agbo ijó, kí fídíò mi lè mọ́ kedere? Kí ni kí n fi lẹ̀ wọ́n? Ọ̀rẹ́ mi kan ní gúlù ni. Òmíràn ní bí mo bá fi ohunkóhun kún ẹrù drone, á já lulẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó.

* * *

Àbúrò, kò ní tan agbo. Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé ó kéré tán èèyàn mẹ́ta ló máa wá sọ fún ẹ pé "ra èyí tó lágbára jù". Èmi náà ti ra èyí tó lágbára jù rí.

Wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣe. Bí o bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ. Iná tó mọ́lẹ̀ rekete ní mítà 1, tí o bá gbé e lọ sí mítà 10, 1 nínú 100 rẹ̀ ló ń balẹ̀. Ní mítà 20, 1 nínú 400. O ò sì lè dúró ní mítà 3 lórí agbo tí èèyàn ti ń jó, àfi tó bá jẹ́ pé o fẹ́ fi abẹ̀bẹ̀ drone gé gèlè ìyá ẹni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra tèmi, mo so iná mẹ́rin mọ́ ọn, mo lọ sẹ́yìn ilé wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, níbi tí ilẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí ọ̀sà. Mo tẹ́ aṣọ funfun ìyá mi sílẹ̀, mo fi òkúta tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní mítà 3, mo rí aṣọ náà lójú fóònù dáadáa, mo tún rí ibi tí eku ti jẹ ẹ́. Ní mítà 10, ó ti dà bí èéfín. Ní mítà 20, mo wo òkè, iná ń tàn yòò bí ìràwọ̀ àárọ̀. Mo wo ojú fóònù, òkùnkùn biribiri. Èmi ń rí iná, iná kò rí aṣọ.

Ìyá mi béèrè aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè pé "kí ló wá wúlò fún nígbà náà", ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀.

Ojú ìwọ tó di rìmóòtù mú ló wà fún. Ní alẹ́, drone kékeré tó ti lọ sí mítà 100 kò yàtọ̀ sí yànmùyánmú: o ń gbọ́ ohùn rẹ̀, o ò mọ ibi tó kọjú sí. Mini 2 ní iná kékeré kan níwájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti kẹ̀yìn sí ẹ, o ò rí i mọ́. O tì í sí òsì, ó lọ sí ọ̀tún, nítorí ó ti yí padà tó dojú kọ ẹ láìjẹ́ pé o mọ̀. Báyìí ni drone tèmi àkọ́kọ́ ṣe lọ bá igi máńgòrò. Mi ò lè dá máńgòrò lẹ́bi.

Àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfurufú ti yanjú ẹ̀ tipẹ́: iná pupa lápá òsì, iná aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, funfun ní ìdí. Ọkọ̀ ojú omi náà ń lo pupa sósì, àwọ̀ ewé sọ́tùn-ún. So tìẹ náà bẹ́ẹ̀. Tí o bá wo òkè tí o rí pupa lọ́wọ́ òsì ẹ, ó kẹ̀yìn sí ẹ, bí o ṣe ń tì í ló ṣe máa lọ. Tí pupa bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ, ó ti dojú kọ ẹ, ohun gbogbo ti yí padà nìyẹn, rọra.

Èkejì ni ojú àwọn ẹlòmíràn tó wà lójú ọ̀run. Ẹnì kan kọ láti Kútọnu pé ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Faransé sọ pé dandan ni kí iná náà jẹ́ àwọ̀ ewé. Ó tọ̀nà fún ibi tó wà. Láti July 1, 2022 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ní kí drone tó bá ń fò lóru máa tan iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú. Ní Amẹ́ríkà, láti 2021 ni wọ́n ti ní kí ó ní iná tí èèyàn lè rí láti máìlì 3, bíi kìlómítà 5 nìyẹn.

"Máìlì 3" tí ẹ̀ ń rí lára páálí iná tó ń wọlé wá, òfin yẹn ló ti wá. Ọ̀pọ̀ wa máa ń kà á bíi pé iná náà lè tàn dé máìlì 3. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó bá wà ní máìlì 3 lè rí i. Abẹ́là lásán, ẹni tó wà lókèèrè á rí i lóru, kò túmọ̀ sí pé abẹ́là náà ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n iná, tí ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 11, ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti bínú. Ó ní: "Gíráàmù 11! Kí ni gíráàmù 11 lè ṣe? Mo ti so iná, mo so àbò abẹ̀bẹ̀, mo so ẹsẹ̀ gígùn, mo fi yí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ká, kò jábọ́."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mo gbà pé kò jábọ́. Ọ̀rẹ́ àbúrò wa tó ní á já lulẹ̀ kò tọ̀nà, ẹ̀yin lẹ tọ̀nà níbẹ̀. Àmọ́ drone kì í kígbe tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bátìrì ló fi ń san án.

Mo kó gbogbo tèmi lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan níbí, torí ìwọ̀n tiwọn nìkan ló mọ gíráàmù kan yàtọ̀ sí méjì. Ó gbé iná kan sórí rẹ̀: 11. Ó fi ohun tí mo fi ń lẹ̀ ẹ́ kún un: 13. Àbò abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 55. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ tà á, gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

Iná méjì jẹ́ gíráàmù 26. Lórí drone tó wọn 249, ìyẹn lé díẹ̀ ní ìdá 10 nínú 100. Èèyàn á rò pé bátìrì náà á dín ní ìdá 10. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára tí mọ́tò fi ń gbé drone dúró lójú kan máa ń sáré ju ìwọ̀n lọ: ìwọ̀n gòkè ní ìdá 10, agbára gòkè ní bíi 15. Iléeṣẹ́ ní ìṣẹ́jú 31 ni Mini 2 lè fò tí kò bá sí afẹ́fẹ́, ìyẹn pẹ̀lú bátìrì tuntun tí a lò dé ìdí. Bátìrì tèmi ti gbó díẹ̀. Mo gbé e dúró lójú kan nínú àgbàlá títí tó fi ní òun fẹ́ padà sílé. Láìso nǹkan kan: ìṣẹ́jú 24. Pẹ̀lú iná méjì: 21. Pẹ̀lú iná méjì àti àbò abẹ̀bẹ̀: 16, tí abẹ̀bẹ̀ sì ń hu bí oyin tí wọ́n tú nílé.

Ìṣẹ́jú 3 kì í ṣe nǹkan bàbàrà nínú àgbàlá. Lẹ́yìn òkè, tí afẹ́fẹ́ sì kọjú sí i nígbà tó ń bọ̀ wálé, ìṣẹ́jú 3 ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé àti oko olóko. Àbò abẹ̀bẹ̀ tún máa ń gba afẹ́fẹ́ sára bí agboòrùn. Ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ̀ẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ bọ́ ọ kúrò tí ẹ bá ń gun orí òkè.

Ohun kan tún wà fún àwọn tó máa ń gbé tiwọn rìnrìn àjò. Wọn ò ṣèèṣì ṣe é ní 249. Gíráàmù 250 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fa ìlà òfin wọn sí. Iná kan ṣoṣo ti sọdá ìlà.

* * *

Ó yá, gúlù.

Má fi gúlù. Gúlù tó ń gan kíákíá yẹn, èéfín rẹ̀ máa ń fi ohun funfun bí eérú bo nǹkan tó bá wà nítòsí, lẹ́ńsì kámẹ́rà ẹ sì wà nítòsí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọjọ́ tí iná náà bá kú, ńṣe lo máa ṣá ike drone kó tó lè kúrò.

Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó? Mo ti rí ẹni tó lò ó. Oòrùn gbẹ ẹ́, ó já lójú ọ̀run, abẹ̀bẹ̀ sì gbé e. Tépù olójú méjì ń ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀; lọ́sàn-án gangan, tí ike bá gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí òrí.

Ohun tí èmi ń lò ni aṣọ alámọ́ra, èyí tí wọ́n ń rán mọ́ bàtà ọmọdé, tó máa ń dún kẹ̀rẹ̀rẹ̀ tí o bá ń ṣí i. Àwọn tó ń ta ohun èlò ìránṣọ ní ọjà Wàǹdó ń gé e tà. Béèrè èyí tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Fi òwú tó ní ọtí ìnu-egbò díẹ̀ nu ibi tí o fẹ́ lẹ̀ ẹ́ sí, jẹ́ kó gbẹ, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí o lè ka 1 dé 30, kí o sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí o tó gbé iná lé e. Ibi tí gbogbo ayé ti ń kánjú ni òru kan yẹn. Iná tèmi méjì ló wà nísàlẹ̀ ọ̀sà nítorí pé mo kánjú.

Ṣọ́ra fún iná tó ní mágínẹ́ẹ̀tì nídìí. Ó rọrùn, ó dára lójú, ṣùgbọ́n drone ní kọ́mpáàsì nínú, kọ́mpáàsì àti mágínẹ́ẹ̀tì ò sì lè jọ gbé. Àbúrò mi kan so ó. Fóònù ní kọ́mpáàsì kò dára, ó tẹ̀ ẹ́ kọjá. Drone gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yípo, yípo náà sì ń gbòòrò sí i bí ẹni tó ti yó tó ń wá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó rí i gbé sílẹ̀. Ọpẹ́ ni.

Ibo lo máa lẹ̀ ẹ́ sí? Ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n dọ́gba, kó má baà di pé mọ́tò apá kan ló ń ru gbogbo ẹrù. Má bo ihò tí ooru ń gbà jáde. Má bo ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀, òun ló fi ń mọ ilẹ̀. Má kó nǹkan tó ki lé e lórí, inú ike orí ló ti ń gba ìró sátẹ́láìtì. Èyí rọrùn láti dán wò: gbé e sílẹ̀ láìsí iná, ka iye sátẹ́láìtì tí fóònù fi hàn, so iná, gbé e síbi kan náà, tún ka. Tí iye náà bá wálẹ̀ gan-an, sún iná kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà kí o fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, mo ní. Tí etí aṣọ alámọ́ra bá kàn án, wàá gbọ́ "ṣìì" fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tí o bá gbọ́ ọ, gé aṣọ náà kéré sí i.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà bàrá o. Ẹ ń béèrè gbogbo nǹkan mìíràn tí wọ́n ń so mọ́ drone, ẹ jẹ́ kí n dáhùn wéré.

Àbò abẹ̀bẹ̀: tí o bá ń kọ́ ọmọ ẹ bí wọ́n ṣe ń fò ó nínú gbọ̀ngàn. Níta, mi ò lò ó.

Ẹsẹ̀ gígùn: ó dára níbi tí koríko bá wà tàbí iyẹ̀pẹ̀ pupa Kétu yẹn, tó máa ń kó sí kámẹ́rà lẹ́nu. Àmọ́ ẹní kékeré kan tí o tẹ́ sílẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì wúwo lọ́rùn drone, torí ilẹ̀ ló wà. Páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo fi ń ṣe tèmi.

Ohun tó ń léfòó fún àwọn tó ń fò lórí ọ̀sà: mo rà á, mo lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ orí omi fi ń gbé e kiri bí ewé. Owó ṣòfò.

Ẹ̀rọ tó ń já òdòdó lé ìyàwó lórí: àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀, àwọn tó ń fi san owó ilé wà níbí, mi ò ní bà wọ́n lọ́nà jẹ́. Òdòdó nìkan o. Ẹnì kan fẹ́ fi já owó ẹyọ.

Bébà fàdákà tí wọ́n ń wé mọ́ eriali rìmóòtù kí ó lè lọ jìnnà: ẹ̀yin tí ẹ ò rí drone ní mítà 200, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní kìlómítà 5?

Díńgí dúdú tí wọ́n ń fi bo lẹ́ńsì lọ́sàn-án: ó wúlò gan-an, kò sì tó gíráàmù kan. Ṣùgbọ́n ọ̀sán nìyẹn, alẹ́ là ń sọ. Bọ́ ọ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo gbàgbé ẹ̀ lórí lẹ́ńsì rí níbi ìkómọ kan tó di ìrọ̀lẹ́. Odidi wákàtí kan fídíò tó dúdú bí ìdí ìkòkò.

* * *

Ẹnì kan tún kọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n ń fọ̀rọ̀ gùn, iná tó lágbára wà, ti àwọn ọlọ́pàá." Ó wà, bẹ́ẹ̀ ni. Drone tó ń gbé e tóbi ju tiwa lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Kò sí bí ológbò ṣe máa ru ẹrù ẹṣin.

Ká tiẹ̀ ní o rí èyí tó lágbára tí kò wúwo. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá ti gba ojú ọ̀run, iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà á tàn sára eruku kó tó dé ilẹ̀. Fídíò ẹ á kún fún àmì funfun tó ń fò, bíi pé òwú ń já lulẹ̀ ní Kétu. Nígbà òjò, ìkán abìyẹ́ ni. Alẹ́ ọjọ́ tí òjò bá dá, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ya bo gílóòbù. Tí iná kan ṣoṣo bá wà lójú ọ̀run, ọ̀dọ̀ ẹ ni ìpàdé wọn.

Iná tó ń ṣẹ́jú tún ní wàhálà tiẹ̀ fún kámẹ́rà. Kámẹ́rà yìí kì í mú gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń kàwé. Tí iná bá bù yẹ̀rì láàárín kíkà, ìdajì àwòrán á funfun, ìdajì á dúdú. Nítorí náà, tí iná aṣẹ́jú bá wà, ẹ̀yìn tàbí orí ni kó wà, níbi tí kámẹ́rà ò ti ní rí ìtànṣán rẹ̀.

* * *

Báwo la ṣe máa wá ya Ẹ̀fẹ̀?

Gbé iná sílẹ̀, kí drone gbé kámẹ́rà nìkan. Iná tó wà lórí òpó tó ga ní mítà 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo sàn ju ogún iná lójú ọ̀run lọ, kò sì ní jẹ bátìrì drone. Wá méjì, kí wọ́n dojú kọ ara wọn láti igun sí igun, kí o fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ bò wọ́n kó má baà gún èèyàn lójú. Má gbé wọn kọjú sí Ẹ̀fẹ̀ rárá. Ẹni tó gbé igi Ẹ̀fẹ̀ sórí, aṣọ tó bò ó lójú ló ń gbà wòran. Tí o bá tan iná sí aṣọ yẹn, o ti fọ́ ọ lójú nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó wà lórí rẹ̀.

Ní ti kámẹ́rà, fi ọwọ́ ara ẹ tò ó, má fi sílẹ̀ fún un. Kí fídíò máa mú àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ojú kámẹ́rà máa ṣí fún 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá. Kì í ṣe pé nọ́ńbà yẹn kàn dùn mọ́ mi. Iná mọ̀nàmọ́ná tiwa ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí o bá fi 1/60 sí i, gílóòbù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo á máa ṣe wìrì-wìrì nínú fídíò, ìlà dúdú á máa gòkè. Ọ̀pọ̀ tó sọ pé "drone mi ti bàjẹ́", ibẹ̀ ni.

Tí owó bá wà lọ́wọ́ ẹ, má fi ra iná. Lẹ́ńsì Mini 2 jẹ́ f/2.8, ti Mini 3 jẹ́ f/1.7; bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré sí ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń fẹ̀ sí. Ìmọ́lẹ̀ tí ti Mini 3 ń gbà wọlé lé ní ìlọ́po méjì àbọ̀, ohun tó sì ń gba àwòrán lẹ́yìn lẹ́ńsì náà tóbi jù. Ìyẹn ló ń rí nǹkan lókùnkùn.

Ibì kan ṣoṣo wà tí mo ti gbà pé iná tó dojú kọ ilẹ̀ wúlò: nígbà tó bá ń balẹ̀. Ojú abẹ́ drone nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó mọ ibi tó wà, láti bíi mítà 10 wálẹ̀. Lókùnkùn, á máa rìn gbéregbère nígbà tó yẹ kó dúró. Ṣùgbọ́n fìtílà ọwọ́ tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ẹ tàn sórí ẹní ìbalẹ̀ ti tó.

* * *

Mo rí i pé kò tíì sẹ́ni tó béèrè bóyá wọ́n gbà kí o fò ó.

Ẹbí tó pè ẹ́ kọ́ ló ni Ẹ̀fẹ̀. Lọ bá àwọn ìyá àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà lọ́sàn-án, kí o gbé drone dání, kí wọ́n gbọ́ ariwo rẹ̀ fúnra wọn. Ariwo yẹn ni wọ́n máa bá ẹ jà lé lórí jù. Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ orin, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Ta ni wọ́n bú, ta ni wọ́n yìn. Tí drone bá ń kùn lórí wọn nígbà tí akọrin dé ibi tó dùn, wọ́n á lé ẹ, wọn ò sì jẹ̀bi. Mo ti gbọ́ kí àwọn kan máa sọ pé UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti 2001, pé ti gbogbo ayé ni báyìí. Orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló wà lórí ẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni máa gbé kámẹ́rà lé àwọn ìyá wa lórí láìtọrọ àyè.

Tí ó bá jẹ́ alẹ́ Orò, fi drone sínú àpótí, kí o sùn. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjọba náà wà ńbẹ̀. ANAC ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ wọn nípa ìwé àṣẹ kí ọjọ́ tó pé. Dé mérì (ilé ìjọba ìbílẹ̀) àti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá Kétu pẹ̀lú. Ààlà Nàìjíríà kò jìnnà sí yín, ẹni tó ń ṣọ́ ibodè tó sì rí iná pupa tó ń rìn lójú ọ̀run ní aago méjì òru kò ní rò pé oníṣẹ́ fídíò ni.

* * *

Ìbéèrè láti Kétu, lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti lọ bá àwọn ìyá. Wọ́n ní kí n fò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, kí orin tó le, lẹ́yìn náà kí n gbé e sílẹ̀. Iná orí òpó, mo ti rí méjì yá. Ṣùgbọ́n owó iná aláwọ̀ fún drone kò sí mọ́. Ṣé kí n fò ó bẹ́ẹ̀ láìní nǹkan lára?

* * *

Má fò ó bẹ́ẹ̀. Wá bátìrì méjì tó pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, èyí tí wọ́n kọ CR2032 sí lára, tó máa ń wà nínú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ọ̀kan kò ju bíi gíráàmù 3 lọ. Lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe, kó fún ẹ ní gílóòbù LED kékeré méjì, pupa kan, àwọ̀ ewé kan, irú èyí tó ní ẹsẹ̀ wáyà méjì. Fi ẹsẹ̀ méjèèjì gílóòbù kọ̀ọ̀kan gbá bátìrì tirẹ̀ mọ́ láàárín, èyí tó gùn síbi àmì àròpọ̀, èyí tó kúrú sí òdìkejì. Tí kò bá tàn, o ti yí i padà nìyẹn. Fi tépù díẹ̀ wé e, kí ẹsẹ̀ wáyà má yọ síta. Méjèèjì pẹ̀lú bátìrì wọn kò tó gíráàmù 8. Mo fò ó rí lálẹ́ lórí pápá kan níbí, mo rí àwọ̀ méjèèjì kedere títí dé bíi mítà 150. Ìwọ kò ní kọjá 60.

Pupa sósì, àwọ̀ ewé sọ́tùn-ún, tí o bá dúró lẹ́yìn drone. Lẹ̀ aṣọ alámọ́ra rẹ̀ lónìí, má dúró de ọjọ́ náà. Gbéra láti ẹ̀yìn àwọn èrò, má gbéra láàárín wọn. Má fò ó gba orí agbo kọjá, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí kámẹ́rà máa wo agbo ní ìdábùú. Tí bátìrì bá ti ku ìdá 40 nínú 100, máa pè é wálé, kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ẹ ti tan fìtílà sórí páálí kó tó dé.

Tí o bá ti gbé e sílẹ̀, yọ bátìrì CR2032 kúrò nínú iná, kó má baà máa tàn nínú àpótí di àárọ̀. Kó o wá gbé kámẹ́rà ọwọ́, kí o lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onílù. Ohùn tó wà níbẹ̀, drone kò lè gbà á.